Mímọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí mímọ omi: àlàyé fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé nítòsí odò

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa kì í béèrè bóyá a ti dé odò. Á ní ká wá, á fi èékánná fa ojúgun wa láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìlà funfun bá yọ lára awọ, ọ̀rọ̀ ti parí: omi odò ti fọ òróró ara dànù, ó ku pàṣán. A jẹ pàṣán yẹn títí, síbẹ̀ a kò yéé lọ. Àwọn tó jù wá lọ ló kọ́ wa, bí a bá lè pe ohun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀kọ́. Wọ́n á tì ọ́ síbi tí omi ti mu ọ́ dé ọrùn, wọ́n á sì dúró máa wò ọ́ títí wàá fi rí nǹkan dì mú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé odò tí òjò rọ̀ sí lókè kì í ṣe odò àná mọ́.

Èékánná yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí òbí kan bá bi mí pé: "Kí lẹ fẹ́ fi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe fún ọmọ tí kò tíì rí owó ìwé san? Ṣebí òmùwẹ̀ náà ní í kú sómi?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì bínú sí i rí. Àmọ́ nǹkan méjì ló lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Mímọ̀wẹ̀ ni pé kí ara ọmọ lè gbé e dúró lójú omi. Mímọ omi ni pé kí ó mọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀, ìgbà tí kò yẹ kí ó wọ̀ ọ́, àti ohun tó máa ṣe bí omi bá gbé òun tàbí ẹlòmíràn. Àwa tí wọ́n fi pàṣán lé kúrò lódò mọ ti àkọ́kọ́ díẹ̀, a kò mọ ìkejì rárá. Irú òmùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òwe ń bá wí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi lọ́dún 2021. Nínú ẹni mẹ́rin tó kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ló sì ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ olówó ń já ẹ̀rọ omi nínú ilé, ọmọ tálákà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò pẹ̀lú garawa lórí. Kànga ilé olówó ní ìdérí àti kọ́kọ́rọ́. Ti àgbàlá tí ìdílé mẹ́wàá jọ ń lò, páànù kan tó ti dípẹtà ni wọ́n fi bò ó, ọmọdé sì ń jókòó lé e lórí. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà kò lè wà nílé láago mẹ́wàá àárọ̀, ọmọ ọdún méje ló fi àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún méjì ṣọ́. Ẹ wá wo àwọn kòtò tí katakátá gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe títì, tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ tí wọn kò sì dí wọn. Òjò á kún inú wọn, omi á tòrò, á dà bí odò kékeré tó ṣe é ṣeré. Etí rẹ̀ kì í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí etí odò. Ìṣísẹ̀ kan, ilẹ̀ ti tán.

Ohun tó ń tan òbí jẹ jù lọ ni pé wọ́n ń retí ariwo. Nínú fíìmù, ẹni tó ń rì máa ń ké, á máa juwọ́. Ọmọ tó ń rì ní tòótọ́ kì í ké. Ẹnu tó fẹ́ fi pariwo náà ló fẹ́ fi mí, omi sì ń bò ó, ó ń ṣí i, ó tún ń bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè jù, nítorí ó ń fi méjèèjì tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kí orí lè yọ. Òòró ló máa dúró, bí ẹni tó ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀, orí rẹ̀ á ṣẹ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á rí bákan. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ti wọlẹ̀. Ẹni tó jókòó sí etí odò níbẹ̀ lè rò pé eré ló ń ṣe. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá ń ṣeré nínú omi, ariwo wọn ni kó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ tètè dìde bí ọ̀kan bá dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kọ́ ló máa gba ọmọ tó kéré jù là. Ọmọ ọdún kan àbọ̀, orí rẹ̀ wúwo ju ìdí lọ. Bí ó bá tẹ̀ wo inú garawa tí omi kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ó sì dorí kodò sínú rẹ̀, kò lè ti ara rẹ̀ jáde. Garawa kì í ṣubú, ọmọ ló ń ṣubú sínú garawa. Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ ọmọ yẹn ní nǹkan kan tó máa ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ da omi tó kù nù lẹ́yìn tí ẹ bá fọṣọ tán. Ẹ fi ohun tó wúwo tàbí tó ní kọ́kọ́rọ́ bo kànga. Ẹ fi pákó dí ẹnu ọ̀nà dé ìwọ̀n tí ọmọ kò lè gùn. Kí àgbàlagbà kan sì wà tí ojú rẹ̀ wà lára ọmọ, tí kò fi ojú kan sí ọmọ, kó fi èkejì sí fóònù.

Ní Bangladesh, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà níbi tí ìkùdu wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbèríko, wọ́n ṣàkíyèsí pé òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú sómi, nígbà tí ìyá ń dáná, tó ń gbálẹ̀, tí bàbá sì ti lọ sóko. Wọ́n wá ní kí obìnrin kan ládùúgbò máa gba àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílé rẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán. Anchal ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni etí aṣọ sárì tí ìyá fi ń bo ọmọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé ikú omi láàárín àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ dín ní ìdá 82 nínú 100 sí ti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n kàn ṣọ́ wọn ni.

Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́fà, kò ṣe é tì mọ́lé mọ́. Ó ń lọ sílé ìwé, ó ń lọ pọnmi, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Ọjọ́ orí yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì mí gbọ́, torí wọ́n gbọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni púùlù òtẹ́ẹ̀lì, omi aláwọ̀ búlúù, awò ojú àti owó gọbọi. Ìkùdu abúlé náà ni wọ́n ń lò ní Bangladesh. Wọ́n á ri ọparun mọ́ inú rẹ̀ yíká bí ọgbà, wọ́n á tẹ́ ọparun sí ìsàlẹ̀ kí ó jẹ́ ilẹ̀ tí kò jìn, wọ́n á sì mú ọ̀dọ́ kan ní abúlé náà tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́ kí ó jẹ́ olùkọ́. Ọmọ díẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí lílúwẹ̀ẹ́. Ọmọ á di ọparun mú, á ki ojú bọ omi, á fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu kí omi máa hó gùdùgùdù. Ó dà bí eré, òun sì ni ìpìlẹ̀: ọmọ tó ti mọ̀ pé òun lè mí síta sínú omi, tí òun á sì tún gbórí sókè mí sínú, ẹ̀rù omi lójú ti kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa di ọparun mú, tí á máa fi ẹsẹ̀ gba omi. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e lẹ́yìn, á ní kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kí ó wo ojú ọ̀run, kí etí rẹ̀ rì, kí ó má gbé ọrùn sókè. Á máa yọ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá mọ̀ pé ọwọ́ olùkọ́ ti kúrò, tí òun kò sì rì, ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ ojú yẹn.

Kí ọmọ tó parí, ó gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ dé mítà 25, kí ó lè léfòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹni tó ń rì láì wọ inú omi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń wá àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀. Mítà 25 tó láti ti àárín ìkùdu dé etí rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì tó kí ẹnì kan fi sáré dé. Ìwádìí ọdún 2012 yẹn kan náà sọ pé ikú omi láàárín àwọn tó kọ́ ọ dín ní ìdá 93 nínú 100 sí ti àwọn tí kò kọ́ ọ. Ìdáhùn nìyẹn fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ á mú kí ọmọ gbójú sí omi. Lọ́dún 2022, ìjọba Bangladesh fọwọ́ sí ètò kan láti ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ 8,000 irú ti Anchal, àti láti kọ́ ọmọ 360,000 tó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ní ìlúwẹ̀ẹ́.

Mímọ omi ló kù, òun ló sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọmọ tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù ń rí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ kò ṣàn, aṣọ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ ju ọmọ yẹn sínú Odò Ògùn lóṣù kẹsàn-án pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa bá pàdé. Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ wọ omi pẹ̀lú aṣọ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, níbi tí ewu kò sí, kí ó mọ bí aṣọ ṣe ń fa ènìyàn. Ti òkun tún yàtọ̀. Ìgbì tó wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà, ó sì lè gba ojú kan ṣoṣo padà bí odò tó ń sáré lọ sínú agbami. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́ púpọ̀, tó dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. Ó ń gbé òmùwẹ̀ tó mọ̀wẹ̀ dáadáa, nítorí òmùwẹ̀ á kọjú sí èbúté, á máa bá omi jà títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kí ó fẹ̀yìn léfòó, kí ó jẹ́ kí omi gbé e díẹ̀, kí ó wá gba ẹ̀gbẹ́ jáde ní ìbú èbúté kí ó tó kọjú sílé.

Ní Màkókó lórí ọ̀sà Èkó, ọmọ tí kò tíì ga tó àjẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ẹ̀gùn tàbí ọmọ Ìlàjẹ ní ìlúwẹ̀ẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan tó ń rákò lórí pákó tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì di òmùwẹ̀. Ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ṣe é lóore ju kíláàsì lọ. Àgbàlagbà pàápàá nílò láìfùjákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, nínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù lóru lójú Odò Ọya ní agbègbè Pàtígi, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tó lé ní 100 ló sì bá a lọ. Nínú òkùnkùn, nígbà tí ènìyàn ń dì mọ́ ènìyàn, òmùwẹ̀ kò ní àyè láti na ọwọ́. Bí ọmọ yín bá ń wọkọ̀ ojú omi lọ sílé ìwé, kí láìfùjákẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, kí okùn rẹ̀ so. Ti àgbà á yọ lọ́rùn ọmọdé.

Àwọn kan á ní ohun kan ló fa ọmọ wọlẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ohun tó wà nísàlẹ̀ odò. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ ni pé kí a má fi ọ̀rọ̀ yẹn dá ẹni tó fẹ́ sáré yọ ọmọ dúró, nítorí ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ kì í dúró de ètùtù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tiwa tó wà lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ìran mélòó kan ni wọ́n fi òfin àti ìwà ìkà lé aláwọ̀ dúdú kúrò ní púùlù ìlú. Ní 1964, ní St. Augustine ní Florida, olùtọ́jú ilé ìtura kan da ásíìdì sínú púùlù nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú wọ inú rẹ̀. Òbí tí kò mọ̀wẹ̀ kò lè kọ́ ọmọ, ẹ̀rù sì di ogún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ní Shreveport ní Louisiana, ọmọ kan jìn sí ibi tó jìn nínú Odò Red River. Ọ̀dọ́ mẹ́fà tẹ̀ lé ara wọn wọlé láti yọ ọ́, kò sì sí ọ̀kan tó mọ̀wẹ̀. Ẹlòmíràn ló yọ ọmọ tó kọ́kọ́ jìn sómi yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú, àwọn òbí wọn sì wà létí odò, àwọn náà kò mọ̀wẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 àti bí wọ́n ṣe ń gba ara ẹni là nínú omi kí ó tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó wà ní London, ẹ má kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọmọbìnrin yín kúrò nítorí irun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di fún un. Ẹ dì í ní ṣùkú, ẹ fi fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tó fẹ̀ bò ó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ní Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, obìnrin ni wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin, pẹ̀lú aṣọ tó bo gbogbo ara. Ó ṣe é ṣe.

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Shreveport ló fà á tí ìyọnilómi fi jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń rì á gun ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹni gun igi. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ara rẹ̀ ló ń wá afẹ́fẹ́. Nítorí náà ọmọdé kì í wọlé yọ ọmọdé. Á kọ́kọ́ pariwo pe àgbà. Á dùbúlẹ̀ sí etí omi, kí wọ́n má baà fà á wọlé, á na igi, ìró tàbí ṣòkòtò sí i. Bí kò bá tó o, á ju ohun tó lè léfòó.

Bí ẹ bá sì ti gbé ọmọ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde. Gbogbo wa la ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní Bangladesh, wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé ọmọ sórí kí wọ́n máa fi í yí po. Afẹ́fẹ́ ló ń wá, omi inú ikùn kọ́ ni ìyọnu rẹ̀, èyí tó bá sì ti ikùn jáde lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbéra. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá nígbà 30, kí ẹ fẹ́ èémí méjì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, títí tó fi máa mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Bí ó tilẹ̀ jí, tó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí omi tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá ìyọnu sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Púùlù á pẹ́ kí ó tó dé àdúgbò yín, olùkọ́ náà lè pẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kò pẹ́. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún tí kò jò, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, bíi ife kan, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e dànù bí ẹ bá jù ú, ẹ dé e pinpin. Ẹ so okùn tó tó mítà mẹ́wàá mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ kó àwọn ọmọ jọ sí orí ilẹ̀, ẹ fi taya ṣe àmì, kí oníkálukú jù ú títí tó fi máa kọjá taya, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí okùn nígbà tí wọ́n bá ń jù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó kọ́ igi tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má mú un lọ ra kẹrosíìnì.